Ìyá Àgbà Tó Ń Gbọ́ Ikọ́ Lórí Fóònù

Bí ìyá bàbá mi bá wà níbi tí mo jókòó sí yìí, yóò ti gba bírò lọ́wọ́ mi. Yóò ní, "Ràlí, kí lo ń sunkún sórí bébà sí? Ṣé ebi ló pa mí kú ni?" Ebi kọ́ o. Ìyá Àgbà lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kó tó fi wá sílẹ̀ ní Ìwó. Ó ti kírun àárọ̀, ó ti ráhùn pé ẹ̀kọ tí wọ́n gbé fún òun ki jù, ó sì ti mu ún tán pẹ̀lú ìráhùn náà. Ó dùbúlẹ̀ kó sinmi díẹ̀, ó sì lọ. Kí Ọlọ́run fi ojú rere gbà á. Mo ti sunkún tèmi lórí fóònù, mo sun ún nínú mọ́tò, mo sì sun ún ní ibi iṣẹ́ títí ọ̀gá mi fi ní kí n máa lọ sílé. Ó tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín, nítorí bí mo bá ń rántí rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń pa mí.

Nígbà tí wọ́n bí Àmínà, àbúrò mi, ni Dádì ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá wa tọ́jú ọmọ ní Calumet City, ní gúúsù Chicago. Àwọn ọdún 1980 ni, èmi náà ṣì kéré. Oṣù mẹ́ta péré ló ní òun máa lò, ó sì lé ní ọdún méjì. Ó gbé ẹrù oṣù mẹ́ta wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún fi aṣọ tútù wé ẹ̀ka ọ̀dúndún kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bàtà kan nínú báàgì. Inú agolo tòmátò ló gbìn ín sí, lójú fèrèsé kíṣìnì, níbi tí ooru hítà ti ń tó o. Yìnyín ń bọ́ níta, ọ̀dúndún ń yọ ewé nínú ilé. Láràárọ̀ ló máa ń fọwọ́ kan ewé náà, á ní, "O ṣeun o. O ò dójú tì mí ní ìlú onílùú."

Àgbo ikọ́ ọmọdé ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní Ìwó. Yóò mú ewé ọ̀dúndún gbóná díẹ̀ lórí iná, yóò fún omi rẹ̀. Yóò gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, yóò fi ata ilẹ̀ díẹ̀ sí i àti orógbó tó rin, yóò wá da oyin lé e. Bí ó ṣe ń sè é gan-an, ìyá yòówù tó bá dúró tì í lè mọ̀ ọ́n láàrin ọjọ́ kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí kọ́ ni bó ṣe ń gbọ́ ikọ́. Kò ní fi ṣíbí kan ọmọ lẹ́nu láéláé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbọ́ ọmọ náà. Yóò jókòó sórí àpótí nínú kíṣìnì, yóò gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ọmọ ti àyà ara rẹ̀, yóò wá pa ojú dé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn.

Fìríìjì wa kò mọ òfin yìí. Ariwo ló ń pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí náà Ìyá Àgbà á ní kí n yọ ọ́ lára iná. Èmi náà á yọ ọ́. Tó bá ti wá mọ irú ikọ́ tó jẹ́, inú rẹ̀ á dùn, á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà, èmi á máa bá a fọ ewé, àwa méjèèjì á sì gbàgbé fìríìjì pátápátá. Àìmọye ìgbà ni mílíìkì wa kan. Lọ́jọ́ kan, gbogbo ẹran ọ̀sẹ̀ náà yọ́ sílẹ̀. Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé, nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì, ó sì fi bàtà funfun rẹ̀ tẹ omi ẹran. Ó kígbe pé, "Ta ló tún pa fìríìjì yìí?" Èmi ti wà lábẹ́ tábìlì. Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó ń bá ewé rẹ̀ lọ. Ó ní, "Èmi ni. Ọmọ ń sọ̀rọ̀, òun náà ń sọ̀rọ̀, ta ni kí n gbọ́?"

Mo gbìyànjú láti tàn án lẹ́ẹ̀kan. Oyin ló wọ̀ mí lójú. Mo wúkọ́ kíkankíkan, mo di àyà mú bí àwọn tó ń kú nínú tẹlifíṣàn, mo sì wó sórí àga. Ó gbé mi lé ẹsẹ̀, ó pa ojú dé, ó tẹ́tí pẹ́ tó fi jẹ́ pé mo rò pé mo ti rí i mú. Ó dìde, ó rin orógbó, ó fi omi lásán pò ó, ó ní kí n la ẹnu. Kíkorò rẹ̀ dé orí mi! Mo bú sẹ́kún, mo ń béèrè oyin. Ó nu ẹnu mi pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó ní, "Ikọ́ ẹnu lo gbé wá, oògùn ẹnu ni mo fún ọ."

Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn láàrin àwọn Yorùbá tó wà lágbègbè wa. Ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀ kí i, wọ́n á ní, "Ẹ kú Jímọ̀ o, Ìyá Oníkọ́." Àwọn tó jìnnà, àwọn tó wà ní Olympia Fields àti Flossmoor, kò lè máa wakọ̀ wá ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wúkọ́. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n máa pe òun. Bí ti fóònù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fóònù á dún, èmi á gbé e, á gbà á lọ́wọ́ mi, á fi ti etí, á ní, "Ẹ má sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu ọmọ." Á wá nàka sí fìríìjì. Èmi á sáré lọ yọ ọ́.

Obìnrin kan wà ní Flossmoor tó ń ṣiṣẹ́ ní fámásì. Bí ẹ bá bá a pàdé níta, á máa sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n jáwọ́ nínú àgbo. Òun ló ń pè jù. Á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, this is just between us." Ìyá Àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó túmọ̀ sí dáadáa. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, bàbá kan pè láti Olympia Fields. Ọmọ rẹ̀ ti sùn, kò fẹ́ jí i, ló bá rò ó lọ́kàn pé òun á fi bí ọmọ náà ṣe ń wúkọ́ han Ìyá Àgbà. Kò sọ fún un pé òun lòun ń wúkọ́ o. Ó kàn ń wú u sínú fóònù. Ìyá Àgbà la ojú, ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó lẹ ní?" Bàbá náà ní ọdún mẹ́ta. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ tètè gba sìgá lọ́wọ́ rẹ̀."

Nísàlẹ̀ ilé wa, obìnrin àgbàlagbà kan wà tó ń jẹ́ Mísìsì Wáńdà, òyìnbó ni, ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti lọ jìnnà. Òun náà ní oògùn ikọ́ tirẹ̀ fún ọmọdé. Inú àwọn ìgò kéékèèké ló wà, kò sì ní òórùn, kò ní àwọ̀. Èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn, pẹ̀lú Yorùbá mi tí Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ó dà bí ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Mísìsì Wáńdà ṣàlàyé pé wọ́n á rẹ ewé sínú omi, wọ́n á bu ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ sínú omi mìíràn, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á tún bu ẹ̀kán kan nínú ìyẹn sínú omi mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa ṣe é títí ewé náà kò fi ní sí níbẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn ló sì lágbára jù. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà wò mí. Ó ní kí n tún un sọ, bóyá iṣu ẹnu mi ló fà á. Mo tún un sọ. Hàà! Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Omi tí wọ́n fi ewé hàn!"

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ó fẹ́ràn Mísìsì Wáńdà gan-an. Bí ọmọ kan nínú ilé náà bá ń ṣàìsàn, obìnrin yẹn á gbé àga wá, á jókòó tì í, á máa kán omi rẹ̀ sí i lẹ́nu ní ẹ̀kánkán, á máa kọrin fún un lédè tirẹ̀, kò sì ní dìde títí ọmọ náà fi máa sùn. Mo bi Ìyá Àgbà léèrè ìdí tó fi ń yìn ín nígbà tó jẹ́ pé ó ń fi oògùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Omi rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ìjókòó rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́."

Ìyá Àgbà àti Mọ́mì ló ní ìjà. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, wọ́n jà dáadáa. Oyin ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, nígbà tí Àmínà wà ní oṣù márùn-ún. Mọ́mì sọ pé ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tí òun ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́ àwọn pé oyin kò gbọdọ̀ kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu, nítorí ó lè ṣe é léṣe gidi. Ìyá Àgbà ní, "Oyin tí mo fi tọ́ ọkọ ẹ?" Mọ́mì ní, "Ọlọ́run ló yọ ọ́, Ìyá." Háà. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì á wà nínú kíṣìnì kan náà, ìgbọ̀nwọ́ wọn á máa kan ara wọn, Ìyá Àgbà á ní, "Ràlí, sọ fún ìyá rẹ pé iyọ̀ ti tán." Mọ́mì á ní, "Ràlí, sọ fún Ìyá pé mo ti rí i." Lọ́jọ́ karùn-ún ni Ìyá Àgbà gbé ìgò oyin sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ga jù, ó ní, "Mo ti yọ oyin nínú ti àwọn ìkókó o. Mi ò ní mo gbà. Ariwo ni mo fẹ́ kó dín."

Ìjà kejì ló le. Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, Mọ́mì ká a mọ́ ibi tó ti ń fún Àmínà ní àgbo láìsọ fún un, ó sì ní kò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan kan mọ́ tí òun kò bá sí nílé. Ohùn wọn dé ìsàlẹ̀. Dádì, tí kì í dá sí nǹkan, dìde lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kò lè máa ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sínú ogun. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kó tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: bí òun bá tún gbọ́ pé wọ́n jà lórí oògùn Àmínà, òun á ra tíkẹ́ẹ̀tì, Ìyá á sì padà sí Ìwó.

Lójoojúmọ́ ni Ìyá Àgbà ń pariwo pé òun fẹ́ lọ sílé òun, pé òtútù Chicago ti wọ òun léegun. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kò jẹun. Ó sọ fún mi pé lílọ sílé yàtọ̀ sí kí wọ́n dá ènìyàn padà. Ìdààmú bá mi. Yàrá kan náà ni èmi àti òun ń sùn, mi ò mọ bí mo ṣe máa sùn níbẹ̀ tí kò bá sí.

Ó wá ku ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ. Yìnyín pọ̀ débi pé wọ́n ti ilé ìwé pa. Dádì ti lọ sí downtown, Mọ́mì wà ní ibi iṣẹ́, kò ní jáde títí di aago mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Àmínà ti pé méjì, ó sì ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán, Ìyá Àgbà dìde, ó sè àgbo. Mo mọ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ta ni mí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀? Ó da díẹ̀ sínú ife, ó ní kí n di ife àti ṣíbí mú. Mo yọ fìríìjì láìjẹ́ pé ó sọ. Ó gbé Àmínà lé ẹsẹ̀, ó pa ojú dé.

Kò pẹ́ rárá tó fi la ojú. Ó ní, "Gbé ife yẹn kúrò."

Mo ní, "Ìyá Àgbà, kò gbóná mọ́ o."

"Mo ní kí o gbé e kúrò! Eléyìí kì í ṣe tèmi." Ó ká aṣọ Àmínà sókè. Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá mí, àárín ìhà rẹ̀ á wọnú, ihò imú rẹ̀ á sì fẹ̀. Kò tilẹ̀ sunkún. "Pe àwọn tó ń gbé aláìsàn."

Ẹ wò ó, ọmọdé ni mí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Tí wọ́n bá wá, Dádì máa gbọ́. Mọ́mì máa rí àgbo. Wọ́n á dá yín padà."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ kò le. Ó ní, "Bí wọ́n bá dá mi padà, mo mọ ọ̀nà ilé mi. Pè wọ́n."

Mo tẹ 911. Obìnrin tó gbé e béèrè bóyá ìyá mi wà nílé, ó béèrè bóyá mò ń ṣeré. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń bú àwọn ọmọ kíláàsì mi sá lọ. Mò ń sọ pé, "She's coughing, she's coughing," ohùn obìnrin náà sì dà bí ti ẹni tó ti gbọ́ ikọ́ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ni Ìyá Àgbà bá na ọwọ́, ó gba fóònù. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu Àmínà, bí ó ṣe máa ń ní kí àwọn obìnrin Flossmoor gbé e, ó sì fi ìka kan sókè sí mi pé kí n dákẹ́. A dákẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn obìnrin yẹn láti inú fóònù, ó ti yí padà pátápátá. "Okay. I hear her. They're coming. Go open the door."

Ní ọsibítù, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí Àmínà nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Òtútù àyà ni. Dókítà ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó béèrè bóyá a ti fún un ní oògùn kankan, tàbí nǹkan ìbílẹ̀ kankan. Mo ní, "No."

Ìyá Àgbà gbọ́ ìyẹn. Ó mọ "no" dáadáa. Ó ní, "Kí ló bi ọ́?"

"Ó ní ṣé ẹ fún un ní oògùn."

"Òótọ́ lo sọ fún òní. Àná ńkọ́? Mo fún un ní ṣíbí kan lánàá lẹ́yìn tí ìyá rẹ jáde. Sọ fún un. Sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, má yọ ọ̀kan."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mò ń sunkún. Àlùbọ́sà, ata ilẹ̀, oyin. Mi ò mọ orúkọ orógbó àti ọ̀dúndún ní Gẹ̀ẹ́sì, mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe wọn. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní o ṣeun, ó ní ó dára pé a sọ. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Mọ́mì, tí wọ́n ti pè níbi iṣẹ́, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, yìnyín ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá. Ẹ fún un."

Ìyá Àgbà ní, "Mo fún un. Ikọ́ àná jẹ́ tèmi. Ti òní kì í ṣe tèmi, mi ò fún un ní nǹkan kan."

Mọ́mì wo dókítà. Dókítà ní a tètè gbé e dé, pé ká ní a dúró di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó rìn lọ sọ́dọ̀ Àmínà, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó wo bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú Ìyá Àgbà, lójú gbogbo àwọn òyìnbó yẹn. Ó ní, "Ìyá, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ọmọ wá bá wa lẹ́yìn tó ti pẹ́. Àwọn ìyá tó kàwé. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo gbọ́ ọ ni. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

"Ẹ kọ́ mi."

Nígbà tí èémí Àmínà ti rọlẹ̀ díẹ̀, Mọ́mì bọ́ ohun tó fi ń gbọ́ àyà aláìsàn lọ́rùn, ó fi í sápò. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo rọ́bà imú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àyà. Ìyá Àgbà tún èjìká rẹ̀ ṣe, ó fọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé fún un, ó ní kó má kánjú. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Dádì já wọlé, tí báàgì iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mísìsì Wáńdà ti sọ fún un pé ámbúláǹsì wá, ó sì ti rí ife àgbo lórí tábìlì. Ó ní, "Ìyá mi, ṣebí mo sọ nílé yẹn pé—"

Mọ́mì kò la ojú. Ó gbé ìka kan sókè. Ó ní, "Ẹ dákẹ́, Bàbá Ràlí, mò ń gbọ́ ọmọ. Ìyá ò sì lọ síbì kankan. Mi ò tíì kọ́ ọ tán."